Ọkọ̀ Tó Ń Sùn ní Dowa

"Níbo ni ọkọ̀ yìí ń sùn?"

Ọ̀gbẹ́ni Germain, òṣìṣẹ́ owó orí, kò gbé ojú sókè nígbà tó béèrè. Ó ń fi aṣọ pélébé kan nu gíláàsì ojú rẹ̀, bí ẹni pé ìbéèrè náà kò ju ìkíni òwúrọ̀ lọ. Ọ̀gá Marcellin, dirẹ́kítọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fún epo èkùrọ́ lójú ọ̀nà Adjarra, yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ Octave, ẹni tó ń ṣírò owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

"Octave, dá kámáràdì lóhùn. Ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí."

"Inú ọgbà wa níbí ló ń sùn," ni Octave wí. "Bí iṣẹ́ bá ti parí, abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni wọ́n máa ń gbé e sí. Wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ìjọba rí, ó sì ti fọwọ́ sí i, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu bí àdúrà òwúrọ̀.

"Ó dára." Germain gbé gíláàsì rẹ̀ wọjú. "Lánàá ọjọ́ Àìkú, mo lọ wo ọdún Bonfim. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá láti Parakou ni, n kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn Àgùdà jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tìlù tìfèrè. Pijó aláwọ̀ eérú kan ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n so ọ̀já aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ìyeyè mọ́ imú rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn wọ funfun. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ta ló ni ọkọ̀ tó dára báyìí. Ó ní ọmọ òun ni. Mo wá wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ó yíjú sí ojú fèrèsé. Gbogbo wọn wo ibi tó ń wò. Pijó náà dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ewé tí wọ́n fi ṣe ọdún lánàá ṣì há sí imú rẹ̀.

Òógùn tútù bo Octave lẹ́yìn ọrùn. Iwájú ni òun wà lánàá, láàrin àwọn ọkùnrin tó so ọ̀já mọ́ àyà, tó ń kọrin pẹ̀lú ohùn gooro. Bí Germain bá tilẹ̀ rí i, kò dá a mọ̀. Ìyá àgbà tó dáhùn yẹn, ìyá tó bí òun ni.

"Ta ló wà á?" ni Marcellin béèrè.

"Ọkùnrin kan báyìí, ó ní àpá lókè ojú."

"Liamidi!" Marcellin fọwọ́ lu tábìlì. "Awakọ̀ wa nìyẹn! Ẹ lọ pè é wá fún mi!"

Germain gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ gbọ́ mi yé ná, kámáràdì, n kò wá jà. Ilé iṣẹ́ lè fún òṣìṣẹ́ ní ọkọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí báńkì tó ń bọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe, a kì í gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbé ìyá ẹni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń sùn síwájú ilé ẹni, ó ti di oúnjẹ. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ yẹn, owó oṣù ló ń gbà láìfọwọ́ kan owó. A ó díwọ̀n iye tó tó, a ó rò ó mọ́ owó oṣù rẹ̀, a ó sì bu owó orí níbẹ̀. Ká ní ọkọ̀ jẹ́ tirẹ̀ gan-an, tí ilé iṣẹ́ kàn ń fún un lówó epo, ìyẹn yàtọ̀: èyí tó bá fi ṣe iṣẹ́ lóòótọ́, a kì í fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ta ló ń jẹ ọkọ̀ yìí?"

Liamidi wọlé, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ìwọ lo wa ọkọ̀ yìí lánàá?" ni Marcellin bi í.

Liamidi wo Octave lẹ́ẹ̀kan. "Èmi ni mo wà á, ọ̀gá."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

Liamidi dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn, Octave sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún bí ilẹ̀kùn. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ni kó fi gba ibẹ̀ wọlé. Ó wo bàtà ara rẹ̀, ó rí i pé eruku ọdún àná ṣì wà níbẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

"Ìwọ Mùsùlùmí, kí lo wá lọ ṣe ní Bonfim?" Marcellin bi í, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn kí ẹlòmíì tó lanu. "Àjàṣẹ́ nìyí o, kámáràdì. Nínú ilé kan náà lẹ ó ti bá rósárì àti tẹ̀súbáà. Ìyá á gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ọmọ á gba mọ́sáláṣí. Ó gbé ọkọ̀ ará ìlú fún ìyá rẹ̀, ó sì ní tòun ni!"

"Bó bá jẹ́ òun ni, lórí owó oṣù rẹ̀ ni a ó gbé e sí," ni Germain wí, "ti gbogbo ọdún tó kọjá. Ohun tí ẹ bá tún fẹ́ fi í ṣe, ọwọ́ yín nìyẹn wà."

"Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé òṣìṣẹ́. Níbẹ̀ ni yóò ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, kó tó máa lọ sílé rẹ̀. Octave, bá wa ṣírò owó orí náà."

"Ó dáa, ọ̀gá," ni Octave wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú u. Octave kò fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ra ọkọ̀. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ lórí ibùsùn nìyẹn, òótọ́ sì ni, àmọ́ irú òótọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn ni. Nígbà tí òyìnbó tó ni ilé iṣẹ́ kó ẹrù rẹ̀, tí ìjọba àwọn sọ́jà sì gba ibẹ̀, Pijó òyìnbó ṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n ní kí Octave máa fi í lọ sí báńkì ní Kútọnù, kí Liamidi máa wà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò mú wọn lójú ọ̀nà, Liamidi sì gbé ọ̀gá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ní Dowa. Màmá gbọ́ fèrè, ó jáde. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn bí olówó, ló bá kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Olúwa, o ṣé o! Bàbá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn títí ó fi kú, ọmọ rẹ̀ ti gun ọkọ̀!"

Kí lèèyàn ń sọ fún ìyá tó wà lórí eékún nínú ẹrọ̀fọ̀? Octave ní, "Màmá, ẹ dìde." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Liamidi tí ohun gbogbo ṣojú rẹ̀ yọ fìlà, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire." Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fàdá wá da omi mímọ́ sí ọkọ̀ náà lórúkọ bàbá Octave tó ti dolóògbé. Liamidi ló di agboòrùn mú lé fàdá lórí. Àwọn ẹbí wá láti Adjarra, wọ́n fọwọ́ ra ọkọ̀ lára bí ẹni ń ra màlúù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn ní Dowa. Marcellin kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, Kútọnù ni ilé rẹ̀ wà, kò mọ ohun tó ń jáde lẹ́yìn òun. Lálaalẹ́, Liamidi á gbé ọkọ̀ síwájú ilé ọ̀gá rẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Tokpota níbi tí òun ń gbé. Màmá ń pè é ní "ṣófọ̀ ọmọ mi", ìyẹn awakọ̀ ọmọ òun. Ṣófọ̀, bá mi gbé àga yìí. Ṣófọ̀, lọ gbé Ìyá Henriette wá. Ṣùgbọ́n bó bá ń se ẹ̀wà ọdún tí àwọn Àgùdà máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí, á se ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀ tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú, fún Liamidi. Nígbà tí Lafiatou ìyàwó Liamidi sì bímọ, tí kò sí ìyá ọkọ tó máa bá a wẹ ọmọ, Màmá ló lọ wẹ ọmọ náà títí ara rẹ̀ fi le. Ọkọ̀ ló fi lọ, dájúdájú.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Octave yìí kan náà ló bu owó orí lé yàrá tí Gbadamassi, ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́, ń sùn nínú ọgbà. Yàrá tí kò ju ibùsùn kan lọ! Gbadamassi wá bẹ̀ ẹ́, Octave sì jókòó, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ohun tí ilé iṣẹ́ bá fún òṣìṣẹ́ lò, owó oṣù ni, àti pé òfin kò mọ ojú. Ó ṣàlàyé dáadáa. Bí Gbadamassi ti ń jáde lọ, Octave gun ọkọ̀, ó lọ sílé.

Liamidi ń nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ nígbà tí Octave bá a lábẹ́ igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì náà ti mọ́.

"Liamidi."

"Ọ̀gá."

"Má ṣe ìyọnu. Iye tí wọ́n bá bu lára owó rẹ, màá máa dá a padà fún ọ lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ owó kọ́, ọ̀gá."

"Kí wá ni?"

"Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé olè ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ fún awakọ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Iṣẹ́ mìíràn wo ni mo mọ̀?" Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, omi ṣàn sílẹ̀. "Màmá ń pè mí ní ṣófọ̀ ọmọ wọn, mo gbà. Mo bá wọn gbé àga, mo gbà. Ṣé kí n tún wá jẹ́ olè ọmọ wọn?"

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, Màmá..."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni n ò fi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ẹnu yín, ọ̀gá."

Lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni Octave fi rìn lọ sílé. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti fọ ọ̀já aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ìyeyè náà, ó sá a sórí okùn.

"Ọkọ̀ dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mẹkaníìkì, Màmá."

Irọ́ mìíràn nìyẹn. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó.

"Kó tètè tún un ṣe o. Lọ́jọ́ Sátidé èmi àti Ìyá Henriette fẹ́ lọ kí àwọn ọlọ́fọ̀ ní Adjarra, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá ọkọ̀ kankan." Màmá rẹ́rìn-ín sínú. "Ọkùnrin onígíláàsì kan bi mí lánàá pé ta ló ni ọkọ̀. Mo ní ọmọ mi ni. Ó lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Bóyá ó fẹ́ ra irú rẹ̀."

Octave wọ yàrá lọ, ó jókòó sétí ibùsùn, kò bọ́ bàtà. Eulalie ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan."

"Bàbá Odile, èmi ni mo ń fọ aṣọ yín. Òógùn ìbẹ̀rù kì í rùn bíi ti oòrùn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Eulalie gbọ́ ọ títí ó fi tán, kò já lu ọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ti ilé iṣẹ́ ni ọkọ̀ náà.

"N kò lè sọ pé ẹ̀yin nìkan ni," ló wí níkẹyìn. "Èmi náà jókòó sínú ọkọ̀ náà. Mo ń sọ gíláàsì kalẹ̀ kí àwọn ará ọjà lè rí mi. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Ìgbà tí wọ́n á bọ́ ọ lára wa ló dé yìí. Ṣé Liamidi ni kó wà níhòòhò?"

"Wọ́n lè lé mi. Wọ́n tilẹ̀ lè tì mí mọ́lé. Ohun ìní ará ìlú ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí."

"Ṣé ìyẹn lẹ ń bẹ̀rù?"

Octave rò ó. Ó wá ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n nínú ara rẹ̀, kò rí i. "Rárá," ló wí. "Màmá ni. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, Eulalie. N kò lè sọ fún wọn pé torí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Òótọ́ ni, ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín tiyín lẹ fẹ́ fi pa Liamidi."

Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, Octave ṣe ìṣírò náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìpé. Nígbà tó parí, ó rí i pé iye tí ọkọ̀ náà tó lọ́dún ju gbogbo owó tí Liamidi ń gbà lọ. Awakọ̀ tó ń jẹ ọkọ̀ tó tóbi ju owó oṣù rẹ̀ lọ! Ẹni tó bá ní làákàyè tó wo ìwé yẹn, á mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu Liamidi ni oúnjẹ náà ń bá lọ. Ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e lọ fún Marcellin. Ojú ara rẹ̀ tì í tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wo dígí lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ sínú ọgbà, àwọn kan jókòó sórí àpò èkùrọ́, àwọn kan dúró. Issifou, ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ akọ̀wé kọ́mítẹ́ òṣìṣẹ́, jáde síwájú, ó ké igbe ìyípadà tí gbogbo ìlú ń ké lédè Fọ̀n nígbà náà.

"Ehuzu!"

"Dandan!" ni gbogbo wọn dáhùn.

Marcellin àti Germain jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Octave wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n pe Liamidi, ó bọ́ sáàárín, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Kámáràdì Liamidi," ni Issifou wí, "sọ ohun tí o ṣe."

"Mo wa ọkọ̀ lọ síbi tí kì í ṣe ibi iṣẹ́."

"Fún ta ni?"

Liamidi tẹjú mọ́ fìlà rẹ̀. Issifou yíjú sí ẹ̀ṣọ́. "Bàbá Gbadamassi, ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ibí lóru. Ṣé ọkọ̀ yìí ń sùn nínú ọgbà?"

Gbadamassi wo Liamidi, ó wo Octave, ó sì họ orí. "Ojú mi kì í ríran dáadáa lóru."

Ẹ̀ṣọ́ òru! Àwọn èèyàn fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e mì. Ìgbà náà ni Octave tó wo ojú wọn. Kò sí ẹnì kan tó ń wo Liamidi. Òun ni gbogbo wọn ń wò, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún epo títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń gbálẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i tó ń wọ ọkọ̀ jáde. Wọn kò fọhùn torí pé òun ni owó oṣù wọn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìtìjú gùn ún láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ara rẹ̀ gbóná bí ẹni tí ibà mú.

"Ó dáa," ni Issifou wí. Ohùn rẹ̀ le. Bóyá òun náà mọ̀, tó sì fẹ́ fún ọ̀rọ̀ náà jáde bí wọ́n ṣe ń fún epo. "Ìyá àgbà kan wà tó sọ fún kámáràdì Germain pé ọmọ òun ló ni ọkọ̀. A ó wá ìyá àgbà náà rí, ìlú yìí kò tóbi. A ó mú un wá síbí, yóò dúró sáàárín yìí, yóò sì fi ọwọ́ han ọmọ rẹ̀ náà."

Liamidi gbé orí sókè. "Ẹ má ṣe mú àgbàlagbà wá síbí," ló wí. "Ìyá mi ni."

Ìyá Liamidi ti kú láti ìgbà tí Liamidi wà lọ́mọ ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Octave rí lójú ọ̀nà Kútọnù, pé òun kò mọ ojú rẹ̀. Ní báyìí, ó dúró láàárín oòrùn, ó ń pe ìyá ẹlòmíì ní tirẹ̀ kí wọ́n má bàa fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Octave ti gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó ti gbé ọ̀wọ̀ ọlọ́wọ̀, kò sì dùn ún tó báyìí. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ láyé yìí, tí kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni ìyá rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ tí ẹlòmíì ń bá a gbé e.

Ó dìde.

"Kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ìyá mi ni." Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó tún un sọ. "Ìyá mi ni. Èmi ni ọmọ tí wọ́n ń sọ. Dowa ni ọkọ̀ náà ń sùn, níwájú ilé mi. Èmi ni mo ní kí Liamidi máa gbé e lọ síbẹ̀, irọ́ sì ni ìwé tí mo fọwọ́ sí. Orí owó oṣù tèmi ni kí ẹ gbé owó orí náà sí."

Kò sí ẹni tó pariwo. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n pariwo. Gbadamassi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ojú mi ti là báyìí," ló wí. "Yàrá tí mo ń sùn, ó bu owó orí rẹ̀ lára mi. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé, ó gbàgbé ìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rín in dáadáa. Octave dúró, ó gbà á. Marcellin kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní kí Octave kó kọ́kọ́rọ́ bùrò tó ti ń ṣiṣẹ́ kalẹ̀, kó máa lọ sílé, kó má sì padà wá títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Ó ní kí Liamidi padà sẹ́nu iṣẹ́. Germain pa ìwé rẹ̀ dé.

"Màá tún ìṣírò náà ṣe. Yóò wúwo ju ti awakọ̀ lọ, torí owó oṣù yín pọ̀ ju tirẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Octave wí. "Èmi ni mo máa ń ṣírò rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì."

Bó ti ń kọjá lábẹ́ igi máńgòrò, Liamidi wà níbẹ̀. Octave fẹ́ sọ̀rọ̀, kò mọ èyí tí yóò sọ. Liamidi ló sọ tirẹ̀: "Ẹ bá mi kí Màmá."

Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Octave dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ bùrò lọ́rùn.

"Kí ni? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Màmá, ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi."

"Wọ́n jí i?"

"Rárá. Kò fìgbà kan jẹ́ tèmi. Ti ilé iṣẹ́ ni."

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀wà. "Fàdá da omi mímọ́ sí i lórúkọ bàbá rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O dúró, o sì ń wò mí."

Octave bú sẹ́kún níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ. Eulalie jáde láti inú ilé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ wọn. Nígbà tí ẹkún náà gba ọ̀rọ̀ láyè, Octave ròyìn ìyókù: Liamidi láàárín oòrùn, bí wọ́n ṣe fẹ́ ránṣẹ́ wá mú Màmá, àti ohun tí Liamidi sọ.

"Ó ní ìyá òun ni mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi tí mò ń rán an pé kó bá mi gbé àga." Màmá gbọn ìyàngbò ẹ̀wà kúrò lẹ́sẹ̀. Ó dìde, ó ká ọ̀já ọdún tó ṣì wà lórí okùn, ó fi lé Eulalie lọ́wọ́, ó sì wé gèlè. "Dìde. Ṣé o mọ ilé rẹ̀ ní Tokpota?"

Octave nu ojú. Gbogbo ìgbà tí Liamidi fi ń wá sílé rẹ̀, òun kò bi í rí pé apá ibo ló ń gbé ní Tokpota. "N kò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Máa tẹ̀ lé mi."

"Ó jìn. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ọkọ̀ tí..."

"Ẹsẹ̀ ni bàbá rẹ fi rìn títí ó fi kú," ni Màmá wí. "Kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Wọ́n jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo Dowa ti jókòó síta láti gba afẹ́fẹ́, kò sì sí ojúlé kan tí ọkọ̀ náà kò tíì fọn fèrè kọjá níwájú rẹ̀ rí. "Ìyá Octave, ẹsẹ̀ lẹ fi ń lọ? Ọkọ̀ ńkọ́?" Màmá kò rẹ ohùn sílẹ̀. "A ti dá a padà fún ẹni tó ni ín!" Ojúlé kejì tún béèrè, ó tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Octave ń kí gbogbo wọn, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kí Màmá tó dáhùn. Ó dùn ún, àmọ́ ó ń sọ ọ́.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán nígbà tí wọ́n dé Tokpota. Màmá yà sí ojú ọ̀nà tóóró kan, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn onípáànù, ó sì kàn án. Wọ́n gbọ́ tí ọmọ kékeré ń ké nínú ilé, wọ́n gbọ́ ohùn Lafiatou tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ta nìyẹn?" ni Lafiatou béèrè láti inú ilé.

Màmá wo Octave lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹnu sún mọ́ ilẹ̀kùn.

"Ìyá Liamidi ni."